Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe sẹminá fáwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti oríṣiríṣi ẹ̀yà, bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é rèé

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ní iléeṣẹ́ ní Odogunyan àti gbogbo Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Yorùbá, Ìgbò, Ègùn, Hausa, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, gbogbo wọn ló wà nídìí ẹ̀rọ kan náà, tí wọn ò bá wá gbọ́ra wọn yé, ọwọ́ ò lè yá níbi iṣẹ́, àwọn míì á kàn dákẹ́ títí wọ́n á fi rí iṣẹ́ míì.

Ẹ kọ́kọ́ yan ẹni tó máa jíhìn, kẹ́ ẹ tó sanwó fún olùkọ́ kankan. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Frank Dobbin, Alexandra Kalev àti Erin Kelly, wo iléeṣẹ́ tó lé ní 700 ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2006 ni pé sẹminá nìkan ò fi bẹ́ẹ̀ mú káwọn obìnrin àtàwọn aláwọ̀ dúdú di ọ̀gá, ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà lé ẹnì kan tàbí ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́ ló yọrí jù. Torí náà ẹ yan ìgbìmọ̀ kan, ẹ kó èèyàn sínú ẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ, láti sítọ́ọ̀, obìnrin gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀, ẹni tí kì í ṣe Yorùbá náà gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀, kí wọ́n sì láṣẹ láti bi mánéjà pé kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo lẹ̀ ń gbéga.

Ẹ má fi dandan mú àwọn òṣìṣẹ́ wá sí sẹminá o, èèyàn tí wọ́n fi tipátipá mú jókòó, ìbínú ló máa gbé lọ sílé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn. Ẹ wo mítìn àárọ̀, súpáfáísọ̀ ń fi Yorùbá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa di páálí, ọmọ Ìgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń mi orí, kò gbọ́ ẹyọ kan, tó bá wá dì í sódì wọ́n á ní olórí kunkun ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí eré lójú ara wọn, kí súpáfáísọ̀ fúnra ẹ̀ ṣe ọmọ Ìgbò yẹn, kẹ́ ẹ wá jọ fẹnu kò pé pijin ni wọ́n á máa fi ṣe mítìn. Bákan náà ni "Ègùn yìí, wá" tí wọ́n ń pe ẹni tó lórúkọ, kò dáa rárá. Ọ̀rọ̀ Jímọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bára wọn pààrọ̀ ṣífítì, Jímọ̀ fún Sọ́ńdè.

Ẹ má béèrè lọ́jọ́ sẹminá pé ṣé inú wọn dùn, ẹ jẹ́ kó tó oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí súpáfáísọ̀ má sí ńbẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀ka táwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ ti ń kúrò, tó bá jẹ́ ẹ̀ka kan náà ni ṣáá, ọ̀gá ẹ̀ka yẹn ni kẹ́ ẹ pè jókòó, ẹ má tún kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.