Bí mo ṣe wá ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà jò lára Honda CG125 mi

Alùpùpù Honda CG125 àtijọ́ ni mo ń gùn. Irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí Honda kọ́kọ́ gbé jáde ní 1976, ń lo ọ̀pá láti fi ti fáàfù (ọmọrí kéékèèké tó ń ṣí tó sì ń pa dé nínú ẹ́ńjìnnì), kì í sì í tètè yọnu. Ọ́ìlì tí ó ń gbà kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ, òun kan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ fún písítìnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì, nítorí náà nígbà tí mo rí i pé ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ níbikíbi tí mo bá gbé alùpùpù náà sí, mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń fi falẹ̀.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá fi gọ́ọ̀mù yí etí ìdérí ọwọ́ òsì ká láti ìta, ó ní ó ti parí. Kò parí rárá, nítorí pé gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ́ìlì bá wà. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí ọ́ìlì ti ń kán kì í sábà jẹ́ ibi tí ó ti ń jáde: atẹ́gùn máa ń gbé e sẹ́yìn bí a bá ń sáré, yóò sì rọra wọ́ gba ara ẹ́ńjìnnì títí yóò fi dé ibi tí ó rẹlẹ̀ jù.

Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ara ẹ́ńjìnnì náà, mo tún fi ọṣẹ àti omi ṣan án, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ kanrinkanrin nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà ni mo bu àtíkè funfun sí etí gbogbo ìdérí àti ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan tó yọ síta, mo tan án títí ó fi gbóná, mo sì gùn ún lọ síwájú díẹ̀. Etí ìdérí òkè kàn tutù díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn sipirókẹ́ẹ̀tì iwájú, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń gbà yí, ọ́ìlì ti la ojú ọ̀nà kan gba inú àtíkè náà kọjá. Ọ́ìlì síìlì ọ̀pá tó ń yí ṣéènì, ìyẹn òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba ìdí ọ̀pá jáde, ló ti kú.

Mo dẹ ṣéènì, mo yọ ìdérí rẹ̀ àti bóòtù méjì tó di sipirókẹ́ẹ̀tì mú, mo sì jẹ́ kí alùpùpù náà fì sí ọ̀tún kí ọ́ìlì má baà dà. Iye tí wọ́n tẹ̀ sójú síìlì, ìyẹn 20, 34 àti 7, ni mo fi ra tuntun: ihò àárín rẹ̀, fífẹ̀ ìta rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ ní mìlímítà ni wọ́n ń sọ. Mo ra ti ọ̀pá jíà pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló wà, kò sì wọ́n.

Yíyọ ti àtijọ́ ló gba sùúrù, torí bí sukurudíráfà bá ha ọ̀pá náà tàbí ihò tí síìlì ń wọ̀, tuntun náà yóò máa jò. Mo fi àkísà wé ẹnu irin náà kí n tó fi gbé e jáde. Mo wá fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo eyín orí ọ̀pá kí ó má baà gé ètè síìlì tuntun, mo fi gíríìsì pa ètè náà, mo sì kọ ojú tí sípíríǹgì wà sí inú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì sípánà tí ó fẹ̀ tó síìlì náà ni mo gbé lé e, tí mo sì ń fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ara ẹ́ńjìnnì dọ́gba.

Kí n tó tan án, mo yẹ rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wò, mo sì bá ẹrẹ̀ agbọ́n nínú rẹ̀! Bí atẹ́gùn inú kò bá ríbi jáde, síìlì ni yóò máa tì, tuntun kò sì ní pẹ́ kí òun náà tó gbà fún un. Mo fọ rọ́bà náà, mo sì jẹ́ kí ṣéènì ní ìdẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2, nítorí pé ṣéènì tó le jù máa ń fa ọ̀pá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì jẹ bẹ́árìnnì rẹ̀.

Abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ báyìí. Ìdérí òkè ṣì ń làágùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kán sílẹ̀ rí. Mo fi í sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá fẹ́ tún fáàfù yẹ̀ wò, kí gásíkẹ́ẹ̀tì kan náà, ìyẹn ohun tí a ń fi sáàárín ìdérí àti ẹ́ńjìnnì kí ó má baà jò, lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì.