Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Ìkàwé: Ẹ Yé Bi Mí Ní GB

Mo ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ní Táíwò, níbí ní Ìlọrin, mo sì ń tún Kindle àti Kobo, àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń kàwé, ṣe. Oníbàárà tó bá wọlé, "GB mélòó ni?" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn àyè tí ẹ̀rọ ní láti kó ìwé sí. GB 4 lásán gba ìwé tí ẹ kò ní kà tán láyé yín. Ta ló bi mí rí bóyá ọwọ́ kan lè gbé e?

Àkọ́kọ́, ẹ yé ra èyí tí kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń ṣí ojú ewé bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ lẹ ti ń kàwé. Kòròpé ń já sí kòtò lọ́nà Táńkẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún di ẹrù mú, ọwọ́ òsì di Kindle mú: àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ fi etí ẹ̀rọ sílẹ̀ kó tó kan ojú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bọ́. Kindle àkọ́kọ́, ti 2007, ti ṣe àṣejù tirẹ̀: bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn débi pé ẹ kò níbi tí ẹ fẹ́ dì mú tí ojú ewé kò ní ṣí. Kindle Oasis tó jáde ní 2016 ló mú ẹ̀gbẹ́ kan sanra fún àtẹ́lẹwọ́, tó fi bọ́tìnnì méjì sábẹ́ àtàǹpàkò. Amazon tó ń ṣe Kindle ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2024. Kobo Libra ṣì ní bọ́tìnnì tirẹ̀.

Ìkejì: ìwé PDF tí ojú ewé rẹ̀ tóbi bí bébà A4, lórí ojú ẹ̀rọ ínǹṣì 6; lẹ́tà á kéré jù. Ẹ má dán an wò.

Ìkẹta ló ń bí mi nínú jù, bọ́tìnnì tí a fi ń tan Kindle. Etí ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ti ọ̀pọ̀ Kindle sí, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní Paperwhite. Ibẹ̀ gan-an lèèyàn sì ń gbé lé ikùn tó bá dùbúlẹ̀. Bàbá kan wá láti Òmù-Àrán, wọ́n ní Kindle wọn ń kú lójijì. Wọ́n ti sanwó fún ẹnìkan tó bá wọn pààrọ̀ bátìrì, ó ṣì ń kú. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn sórí bẹ́ǹṣì yìí, kẹ́ ẹ kàwé bí ẹ ṣe ń kà á nílé." Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n gbé e lé ikùn. Bí wọ́n ṣe mí, ikùn gbéra, bọ́tìnnì wọlé, Kindle sùn, ojú rẹ̀ di àwòrán.

"Ṣé o rí i!" ni wọ́n pariwo.

Mo rí i, Bàbá. Ikùn ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sá jáde lọ rẹ́rìn-ín. Ikùn tèmi náà kì í ṣe kékeré; ńṣe ni mo máa ń ká aṣọ sábẹ́ igun méjèèjì kí nǹkan má baà kan bọ́tìnnì. Owó bátìrì yẹn ló ń dùn mí. Ẹni tó gbà á kò tilẹ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ń kàwé.

Ọyẹ́ ńkọ́? Kindle Touch ti 2011 àti àwọn bíi tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ló ń sá kọjá lórí síkírínì láti mọ ibi tí ìka wà. Ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ fi ga. Eruku tó bá jókòó sí igun yẹn, ẹ̀rọ lè pè é ní ìka, ojú ewé á wá máa ṣí fúnra rẹ̀. Oníbàárà kan ti gbé tirẹ̀ lọ gbàdúrà sí kó tó gbé e wá. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi gbá etí rẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀yin alápò aláwọ tó nípọn. Paperwhite ti 2021 wọn gíráàmù 205 péré. Ẹ wé awọ mọ́ ọn, ọrùn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ ní ẹ̀rọ ni kò dáa. Ẹ bọ́ ọ kúrò bẹ́ ẹ bá ń kàwé, kẹ́ ẹ dá a padà bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ sínú báàgì.