Bí oògùn bá ti wọ́n ju agbára yín lọ, kí ẹ tó ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó

Apoògùn ni mí, Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nílùú Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn oníbàárà mi báyìí ni: “Ẹ fi í sílẹ̀, màá ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti London.” N kì í bá wọn jiyàn, nítorí mo mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà ni owó oògùn ti ń gun òkè. Èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn wa ni wọ́n ń kó wọlé, èyí tí a sì ń ṣe níbí pàápàá, òkè òkun ni èròjà rẹ̀ ti ń wá. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni GSK, ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ṣe oògùn, kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Àwọn oògùn wọn bíi Ventolin, Seretide àti Augmentin wọ́n, wọ́n sì tún ṣọ̀wọ́n.

Kí wọ́n fi oògùn ránṣẹ́ láti òkè òkun kò burú. Ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn, kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ kọ́kọ́ gbé páálí oògùn náà sọ́wọ́, kí ẹ kà á dáadáa. Orúkọ méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń tà á, tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú. Ìkejì ni orúkọ oògùn náà gan-an, tí wọ́n sábà máa ń fi lẹ́tà kéékèèké kọ sísàlẹ̀. Norvasc ni wọ́n kọ gàdàgbà, amlodipine ló wà nínú rẹ̀. Glucophage, metformin ni. Lipitor, atorvastatin ni. Zestril, lisinopril ni. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe oògùn kan ló máa ń ní àṣẹ lórí rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Tí àṣẹ náà bá ti parí, ilé-iṣẹ́ mìíràn lè ṣe é, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Àṣẹ orí gbogbo èyí tí mo dárúkọ wọ̀nyí ti parí tipẹ́. Nítorí náà, tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má bèèrè Norvasc. Ẹ sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, amlodipine ni mo fẹ́, mílígíráàmù márùn-ún, èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Oríṣi mélòó lẹ ní, èló sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan?” Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti fẹ́ pe London, tó jẹ́ pé ìbéèrè yìí ló yanjú ọ̀rọ̀ wọn lójú ẹsẹ̀.

Àwọn oògùn kan wà ṣá tí n kì í jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Oògùn wárápá bíi phenytoin àti carbamazepine wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ìwọ̀n wọn bá fi díẹ̀ lé tàbí tó fi díẹ̀ dín nínú ara, ó lè di wàhálà.

Oògùn ikọ́ fée (asthma) ló ń kó ọkàn mi sókè jù. Ìnhélà, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n ń fi ẹnu fa oògùn rẹ̀, oríṣi méjì ló wà. Ventolin, ìyẹn salbutamol, ni ẹ máa ń fà sẹ́nu nígbà tí àyà bá há; ó ń ṣí ọ̀nà èémí, ṣùgbọ́n kì í wo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Èyí tí ẹ ń fà láràárọ̀ àti lálaalẹ́, bíi Seretide, ló ń dá ikọ́ náà dúró kó má wáyé. Nígbà tí Seretide di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn jù ú sílẹ̀, wọ́n ń fi Ventolin nìkan gbé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ bèèrè bóyá beclomethasone tàbí budesonide lè ṣe iṣẹ́ náà fún yín. Bí ẹ bá wá gba ìnhélà tuntun, ẹ ní kí apoògùn fi bí wọ́n ṣe ń fà á hàn yín, nítorí kì í ṣe bákan náà ni wọ́n ń fa gbogbo wọn.

Ohun kan náà ni mo ń bẹ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Bàbá kan á ní òun ń fo ọjọ́ kan kí òun tó tún lò ó, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìyá kan á ní òun ń gé e sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rò pé kò sí nǹkan kan. Àfìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ bá dé. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ fún dókítà ní gbangba pé owó kò tó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Nígbà mìíràn, oògùn méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n pò sínú ẹyọ kan. Dókítà lè tú u ká, kó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ fún yín, kí owó rẹ̀ sì dínkù. Ẹ tún bi í bóyá ẹ lè wọ ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba. Ẹni tó wà lábẹ́ ètò NHIA ti òṣìṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ló ń san. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ètò tirẹ̀ tó ń jẹ́ OYSHIA, Èkó náà ní Ìlera Èkó.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí oògùn náà kò sí, tàbí tí ọwọ́ kò tún tó o, ó kan òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ẹ̀gbọ́n yín ní London kò kàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó sọ pé òun fẹ́ ra á. Láìsí ìwé dókítà, wọn ò gbọdọ̀ ta á fún un. Ìwé tí dókítà Nàìjíríà kọ kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án àti àádọ́rùn-ún pẹ́ńsì (£9.90) tí ẹ ń gbọ́ pé wọ́n ń san ní England, kì í ṣe iye owó oògùn, ìjọba wọn ló ń san ìyókù fún ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Nítorí náà, ẹ má ní kó gba oògùn lórúkọ ara rẹ̀ kó wá fi ránṣẹ́ sí Màmá. Òfin kò gbà á, ó sì lè kó bá a. Ọ̀nà tó mọ́ ni pé, bí Màmá bá lọ kí wọn lọ́hùn-ún, kí wọ́n mú un lọ rí dókítà aládàáni, kí ìyẹn kọ ìwé, kí wọ́n sì san owó oògùn náà pé.

Ní Amẹ́ríkà, owó oògùn tó ń jẹ́ orúkọ tí ilé-iṣẹ́ fún un wọ́n ju tiwa lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ gan-an ń sunkún. Orúkọ tún máa ń yàtọ̀: albuterol ni wọ́n ń pe salbutamol, glyburide ni wọ́n ń pe glibenclamide. Ẹ kọ orúkọ méjèèjì ránṣẹ́. Kí ẹni tó ń rà á sì gbà á nínú páálí tó ti ilé-iṣẹ́ jáde, kì í ṣe nínú ike tí wọ́n ka oògùn sí.

Kutọnu sún mọ́ wa ju London lọ. Ìjọba orílẹ̀-èdè Benin ló ń fọwọ́ sí iye owó oògùn níbẹ̀, nítorí náà iye kan náà ni ẹ máa bá ní àwọn ilé oògùn wọn. Ilé oògùn tó ní àmì àgbélébùú aláwọ̀ ewé ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́. Ẹ má ra oògùn nínú ọjà Dantokpa. Èdè Faransé ló wà lára páálí, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ bí ẹ ó ṣe lò ó sílẹ̀.

Ní ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọn ò bá ti bèèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ yín, ẹ sá fún un.

Ẹni tí yóò gbé oògùn náà wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Kó fi í sínú páálí rẹ̀, kí ìwé dókítà wà pẹ̀lú rẹ̀, kó má sì ju èyí tí ẹnì kan lè lò lọ. Ínsúlíìnì kì í wọ ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí ó lè dì níbẹ̀, tó bá sì ti dì, ó ti bàjẹ́. Inú báàgì ọwọ́ ló ń wà. Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni gbé tramadol tàbí ohun tó ní codeine wá fún yín.

Nígbà tí oògùn bá dé, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì gbé e wá fún apoògùn yín pẹ̀lú gbogbo oògùn tó wà nínú báàgì Màmá. Mo ti rí ẹni tó ń lo Norvasc láàárọ̀, tó sì ń lo amlodipine lálẹ́, tó rò pé méjì ni wọ́n. Èyí tí a bá rọ́pò, ẹ mú un kúrò nílé. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ bá dókítà wọn.