Bí a ṣe ń ṣe fisiotẹ́rápì fún ènìyàn láìgba ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ (èyí tí wọ́n ń pè ní stroke) bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ènìyàn dùbúlẹ̀, ọwọ́ tó ń kan ara rẹ̀ máa ń pọ̀: ti nọ́ọ̀sì, ti dókítà, tàwọn ọmọ, tìyàwó tàbí tọkọ, àti ti oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ìyẹn ẹni tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú ara. Wọ́n á yí i, wọ́n á gbé e, wọ́n á ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi í bóyá ó fẹ́. Kì í pẹ́ tóun náà á fi dákẹ́, táwọn èèyàn á máa sọ pé ó gbọ́ràn. Ohun tá a kọ síbí wà fún oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì àti ará ilé tó ń ràn án lọ́wọ́. Rọpárọsẹ̀ la fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń pọ̀.

Kí ọwọ́ tó kan ara

Ẹ jókòó kójú yín lè ṣe déédéé pẹ̀lú ojú aláìsàn. Ẹ sọ orúkọ yín àti iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì bi í bó ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ máa pe òun. "Bàbá" tàbí "Màmá" dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ẹlòmíràn ò fẹ́ ẹ rárá lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba àṣẹ. "Ẹ jẹ́ ká ṣe eré ìdárayá díẹ̀" kì í ṣe gbígba àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ibi tọ́wọ́ yín máa wà, bó ṣe máa rí lára rẹ̀, ewu tó wà níbẹ̀, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹ ò bá ṣe é. Bí àpẹẹrẹ: "Mo fẹ́ fi ọwọ́ kan gbé ìgbọ̀nwọ́ yín ró, kí n fi ìkejì di ọrùn ọwọ́ yín mú, ká wá gbé apá yín sókè díẹ̀díẹ̀ kí oríkèé má bàa gan. Á máa fà yín, àmọ́ kò gbọdọ̀ dùn yín. Tẹ́ ẹ bá ti ní ó tó, màá dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?" Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa ẹnu mọ́. Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣàṣìṣe jù: a béèrè tán, a ò dúró gbọ́ ìdáhùn, ọwọ́ wa ti wà lára rẹ̀.

Àṣẹ tó fún yín lánàá ti bá àná lọ. Èyí tó fún yín lórí apá kò kan ìbàdí. Tó bá di pé kẹ́ ẹ ṣí aṣọ, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ sí nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí, kẹ́ ẹ fi aṣọ bo ìyókù, kẹ́ ẹ sì fa kọ́tìnnì. Tó bá jẹ́ ibi ìkọ̀kọ̀ ara tàbí àyà obìnrin, ẹ bi í ẹni tó fẹ́ kó wà nítòsí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ lẹ́nu

Rọpárọsẹ̀ lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn kó má gba ọgbọ́n lórí rẹ̀. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, etí rẹ̀ ò di. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kó jẹ́ èyí tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá lè dáhùn, kẹ́ ẹ sì ka ení dé ẹ̀wá sínú kẹ́ ẹ tó tún un béèrè. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí àmì kan, bíi kó gbé àtàǹpàkò sókè fún bẹ́ẹ̀ ni, kó mi orí fún rárá. Ẹ wá dán àmì náà wò pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀, torí pé nínú àìsàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni àti rárá lè dàrú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. "Ṣé ilẹ̀ ti mọ́?" tó láti mọ̀.

Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ dáhùn fún un, ẹ rọra ní kó jẹ́ kí ẹni tó ni ara kọ́kọ́ dáhùn. Ara pàápàá máa ń sọ̀rọ̀: kó fa apá rẹ̀ sẹ́yìn, kó sé èémí, kó fún eyín pọ̀, rárá ni gbogbo wọn.

Ìrora

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí kò bá ro èèyàn títí dé ẹkún, kò tíì ṣiṣẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí ti ba èjìká púpọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, àwọn iṣan tó di orí egungun apá mú sínú ihò rẹ̀ ti rọ, ìwúwo apá náà sì ń fà á wálẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá fà á ní ọwọ́, tàbí tẹ́ ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀ láti gbé e dìde, ẹ ń fa oríkèé náà ya ni. Okùn tí wọ́n gbé kọ́ sókè láti máa fi fa apá kọjá orí kò yẹ fún irú èjìká bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi í pé láti 0 dé 10, mélòó ni ìrora náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu iṣẹ́, àti lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá fi di ọjọ́ kejì tí ìrora ṣì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iṣẹ́ yẹn ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù.

Láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga

Ẹ gbé àga onítáyà sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ tó lágbára, kó dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi bíréèkì méjèèjì sí i, kẹ́ ẹ sì ká ibi ìtẹ́sẹ̀ kúrò lọ́nà. Kó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún bí ìṣẹ́jú méjì, torí pé òòyì máa ń kọ́ ẹni tó ti pẹ́ ní ìdùbúlẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ ilẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì fà sẹ́yìn díẹ̀ sábẹ́ orúnkún. Ẹ fi orúnkún tiyín ti orúnkún rẹ̀ tó rọ kó má bàa yẹ̀, kẹ́ ẹ di bẹ́líìtì ìdí rẹ̀ mú. Kó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ á fi kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kó fúnra rẹ̀ ka "ení, èjì, ẹ̀ta". Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń kà, ẹ̀yin lẹ máa pinnu ìgbà tó máa dìde, ẹ ó sì fà á kó tó múra tán. Bó bá jẹ́ òun ló ń kà, iṣan rẹ̀ á ti ṣe tán lórí "ẹ̀ta", ìwúwo tó máa bọ́ sórí ẹ̀yìn tiyín náà á sì dín kù. Kó má jókòó títí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kan àga, tí ọwọ́ rẹ̀ tó lágbára á sì ti di apá àga náà mú. Tó bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fún un. Ẹni tí wọ́n bá ń gbé torí pé wọ́n ń kánjú kò ní kọ́ bó ṣe ń dìde.

Tó bá ní òun ò ṣe

Ẹ béèrè ìdí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé aṣọ rẹ̀ ti tutù tójú sì ń tì í, tàbí kó má tíì sùn látàná, tàbí kó máa bẹ̀rù pé òun á tún ṣubú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ ṣe ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń bá, ìyẹn sì nílò dókítà, kò nílò ìbáwí. Ẹ fi ohun tó kéré sí i lọ̀ ọ́: dípò ìrìn, kó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì lásán. Ẹ sọ ohun tí kíkọ̀ náà lè fà, láìfi dẹ́rù bà á. "A ó lé yín jáde níbí" kì í ṣe àlàyé.

Tó bá lóye ọ̀rọ̀ náà, tó rántí rẹ̀, tó lè wọn èrè àti ewu rẹ̀ wò, tó sì lè sọ ìpinnu rẹ̀ jáde, ìpinnu náà dúró, bí kò tilẹ̀ bọ́gbọ́n mu lójú yín. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ ọ́ ní abala 25 pé orí ìyọ̀ǹda ẹni tó mọ ohun tó ń gbà ni ìtọ́jú gbọ́dọ̀ dúró lé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó kọ̀ àti ìdí tó sọ, kẹ́ ẹ sì padà lọ bi í lọ́jọ́ kejì.

"Ṣé màá tún rìn?"

Ẹ má dá a lóhùn pé "lágbára Ọlọ́run" kẹ́ ẹ sì máa lọ. Àdúrà dára, àmọ́ ìbéèrè ló bi yín. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí: "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èèyàn méjì ló ń gbé yín dìde, lónìí, ẹnì kan ni." Ẹ sọ ohun tí kò tíì yé ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún un yẹ̀ wò. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara sábà máa ń tètè padà jù, àmọ́ ìyàtọ̀ ṣì lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sì sọ fún ará ilé ní kọ̀rọ̀ ohun tẹ́ ẹ fi pa mọ́ fún un.

Ẹ bi í ohun tó fẹ́ padà máa ṣe. Tó bá ní òun fẹ́ máa dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ wọn bí ìjókòó ibẹ̀ ṣe ga tó, kẹ́ ẹ ka ìṣísẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì débẹ̀, kí iṣẹ́ ojoojúmọ́ sì ti ibẹ̀ wá. Títí ọjọ́ náà á fi dé, ẹ bi í ẹni tó fẹ́ kó máa wẹ̀ fún òun. Bàbá míì á fara mọ́ ọwọ́ àjèjì ju ti ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ, síbẹ̀ ọmọ yẹn ni gbogbo ilé á yàn láìbi í.

Ìgbà tó yẹ ká dáwọ́ dúró

Bí àyà bá ń dùn ún, bí èémí bá há mọ́ ọn lójijì, tàbí tí ẹsẹ̀ kan wú tó sì gbóná nísàlẹ̀ orúnkún, ẹ dúró kíá kẹ́ ẹ pe dókítà. Ẹ má fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà o.

Ìdádúró kejì ló ṣòro, torí owó wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wọn ìrìn rẹ̀ lórí mítà 10 léraléra láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí kò yí padà, tẹ́ ẹ sì ti yí iṣẹ́ padà láìsí èso, ẹ sọ fún un kó tó sanwó oṣù tó ń bọ̀. Ẹ kọ eré ìdárayá mẹ́ta péré sílẹ̀ fún un, torí èèyàn kì í sábà ṣe mẹ́wàá. Kó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú yín kó tó lọ, kẹ́ ẹ sì kọ àwọn àmì tó fi yẹ kó padà wá sẹ́yìn ìwé náà.