Bí Mo Ṣe Gba Ewéko Inú Ilé Mi Lọ́wọ́ Omi Àpọ̀jù

Mo ní Echeveria kan lórí tábìlì mi tí mo fẹ́ràn gidigidi, tí ewé rẹ̀ tò yípo bí òdòdó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìbátan ni òun àti ọ̀dúndún pẹ̀lú àbámodá, àwọn ewéko tí ewé wọn nípọn nítorí pé inú ewé náà ni wọ́n ń tọ́jú omi pamọ́ sí de ìgbà ọ̀dá. N kò ro ti èyí rárá nígbà tí mo ń bomi rin ín ní àràárọ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ewé ìsàlẹ̀ di aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú wọn kọjá. Mo ṣe bí òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́, mo sì fi kún omi náà.

Ìgbà tí mo yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò ni mo tó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Gbòǹgbò tí ara rẹ̀ dá máa ń funfun, ó sì máa ń le. Tèmi ti dúdú, ó sì ti ń rùn. Gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́; bí omi bá dí gbogbo àlàfo inú iyẹ̀pẹ̀, yóò kú, yóò sì jẹrà. Ìkòkò náà kò ní ihò nídìí. Mo ti to òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo rò pé ìyẹn tó, ṣùgbọ́n omi kì í sọ̀kalẹ̀ sáàárín òkúta bẹ́ẹ̀ àfi bí iyẹ̀pẹ̀ òkè bá ti mu àmuyó, nítorí náà ńṣe ni òkúta náà gbé ọ̀rinrin sún mọ́ gbòǹgbò.

Mo fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ mímú kan, mo sì gé igi rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo rí àmì dúdú láàárín rẹ̀, mo tún gé e lókè díẹ̀, mo tún gé e, títí ojú ibi tí mo gé fi mọ́ tónítóní, nítorí pé bí ìdíbàjẹ́ bá ṣẹ́ kù bín-íntín, yóò máa gòkè lọ ni. Orí rẹ̀ nìkan ni ó kù. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣòro jù fún mi: mo gbé e sórí bébà níbòòji fún ọjọ́ 5 láìfún un ní omi kankan, kí ojú ọgbẹ́ náà lè gbẹ. Ọkàn mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú ewé rẹ̀ tó o lò.

Lẹ́yìn náà ni mo po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ perlite, àwọn hóró òkúta funfun fífúyẹ́ tí ń jẹ́ kí omi tètè ṣàn kọjá, ní ìdajì-ìdajì (yanrìn tí hóró rẹ̀ tóbi náà dára, bí kò bá ṣe ti etí òkun tí ó ní iyọ̀), mo bù ú sínú ìkòkò amọ̀ tí ó ní ihò, mo sì gbé orí ewéko náà lé e. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 kí n tó rí gbòǹgbò tuntun, ìgbà náà ni mo sì tó bomi rin ín.

N kì í ka ọjọ́ mọ́ kí n tó fún un lómi. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ń tì bọ iyẹ̀pẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá jáde ní gbígbẹ, n óò bomi sí i títí yóò fi ṣàn jáde nídìí, n óò sì da èyí tí ó bá dúró sínú àwo nù. Ewé tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń hunjọ. Ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú rẹ̀ kọjá bí èyí tí omi ti pọ̀ jù fún. Bí mo bá ti mọ ìyàtọ̀ yìí ni, n kì bá tí pàdánù gbòǹgbò àkọ́kọ́. Mo gbé e sí ojú fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì sún un débẹ̀, nítorí pé oòrùn òjijì máa ń jó ewé.

Mo to ewé 6 tí ó ṣì dá ṣáṣá, tí mo já nígbà tí mo ń gé igi rẹ̀, sórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ láìrì wọ́n mọ́lẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ti yọ gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ kéékèèké sì ti ń hù ní ìdí wọn.