Ègé áńkárá ọ̀dọ̀ télọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù

Okun o, ẹ̀yin àǹtí wa. Ẹnikẹ́ni kò bi mí o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Ègé áńkárá tí àwọn télọ̀ ń gbá dànù ní Kábà yìí, ẹ máa bá wọn tọrọ rẹ̀. Ìbòrí tìmùtìmù ni mo fi ń rán, òun ni mo sì máa ń gbé fún ìyàwó tuntun.

Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Áńkárá míì máa ń súnkì, òmíràn aró rẹ̀ ń jáde. Funfun tí mo kọ́kọ́ rán mọ́ pupa di àwọ̀ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ fi páálí ṣe òdiwọ̀n, ínǹṣì 4½ níbùú lóròó. Bí ẹ bá rán ìdámẹ́rin ínǹṣì wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, 4 ló máa kù. Ègé 16, mẹ́rin lórí mẹ́rin, á bo ojú kan tìmùtìmù oní-ínǹṣì 16 pẹ́kípẹ́kí. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ ojú ibi tí ẹ rán kí ẹ tó so ìlà kejì mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ya ọ̀lẹ, ló fi ń wọ́.

Aṣọ òfì ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ ná, etí rẹ̀ ń tú.