Ẹ Má Gbé Omi Ewédò Kaná: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Omi Tó Di Aláwọ̀ Ewé

Omi tí ọkàn wa ò bá balẹ̀ sí, iná la máa ń gbé e kà. Bí àwọn ìyá wa ṣe tọ́ wa nìyẹn, wọn ò sì ṣì wá lọ́nà, torí pé omi tó bá hó dáadáa, kòkòrò onígbáméjì àti ti ìgbẹ́ ọ̀rìn kì í yè é. Ṣùgbọ́n omi kan wà tí ọgbọ́n yìí ò ràn: èyí tó ti nípọn, tó ti di aláwọ̀ ewé, tí ojú rẹ̀ rí bíi pé ẹnìkan da ọ̀dà sí i.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ìkéde kan jáde ní ìlú Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn tó lé ní 400,000 ló kàn: ẹ má mu omi ẹ̀rọ, ẹ má sì sè é. Fún bí ọjọ́ mẹ́ta, omi inú ìgò ni wọ́n ń tò sí láti rà, bẹ́ẹ̀ adágún ńlá Erie wà níwájú wọn lọ bí òkun. Inú adágún náà ni wọ́n ti ń fa omi tí ìlú ń mu, ewédò sì ti bo ibi tí ẹnu ẹ̀rọ wà. Ewédò yẹn ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní microcystin, ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló máa ń bá jà. Iná kì í pa á. Ẹni tó bá ti se ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù rí á mọ ohun tí mò ń sọ: bí omi ọbẹ̀ ṣe ń gbẹ, iyọ̀ ò bá a lọ, ṣe ló ń le sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni májèlé yìí máa ń ṣe nínú ìkòkò.

Àwọn kan á ní àwọn ò ní sè é, álọ́ọ̀mù làwọn á fi sí i kó lè tòrò. Omi á tòrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n májèlé tó ti yọ́ mọ́ omi ò ní bá ẹrẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ìdọ̀tí ojú nìkan lẹ kó. Ẹ wo ìlú Caruaru lápá àríwá ìlà-oòrùn Brazil. Ní 1996, omi tí ewédò ti bàjẹ́ ni wọ́n fi fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn tó kú lé ní 50.

Ká tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ. "Ewédò" là ń pe gbogbo ohun tútù tó bá bo omi, èmi náà á sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó lóró jù nínú wọn kì í ṣe ewé rárá. Bakitéríà ni, tó mọ bí a ṣe ń fi oòrùn dáná oúnjẹ bíi ti ewé. A kì í fojú mọ èyí tó lóró yàtọ̀ sí èyí tí ò lóró. Nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tọ́ ọ wò, ẹ má sì jẹ́ kí màlúù tàbí ajá mu ún. Ní Botswana ní 2020, erin tó lé ní 300 ló kú, ìjọba ibẹ̀ sì sọ pé májèlé inú irú omi báyìí ló pa wọ́n.

Àṣìṣe tó kàn yìí, àwọn tó ń sin ẹja ló ni ín. Wọ́n á rí i pé omi kòtò ẹja tútù minimini, inú wọn á dùn: ẹja á ríjẹ! Òótọ́ ni, díẹ̀ nínú rẹ̀ dára, ìdí nìyẹn tí a fi ń da ìgbẹ́ adìyẹ sómi. Àpọ̀jù rẹ̀ ni wàhálà. Lójú ọ̀sán, ewédò máa ń tú ọ́síjìn sínú omi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí, á sì máa bá ẹja du ọ́síjìn kan náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tó bá fi di ìdájí, kò ní sí ohun tó ṣẹ́kù. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà, ẹ rí ẹja tí wọ́n yọ ẹnu sókè omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Epìyà ló máa ń kọ́kọ́ kú, torí ẹja àrọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ lókè omi. Mo mọ ọkùnrin kan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kínní, ó ní ọ̀tá ló wá da gamalín sómi òun lóru, ó sì lọ bá aládùúgbò jà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ajá méjì àti géètì onírin wà níbẹ̀, ẹja ṣì kú.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò gba owó. Ẹ tẹ ọwọ́ bọ omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí ẹ ò bá rí i mọ́ kí omi tó kan ìgúnpá, ewédò ti pọ̀ jù (bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ ló sọ omi di dúdú, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn). Ẹ dáwọ́ ìgbẹ́ adìyẹ dúró, ẹ dín oúnjẹ ẹja kù, ẹ jẹ́ kí omi tuntun wọlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe dípò èyí ni pé kí wọ́n sá lọ ra oògùn. Wọ́n á fín oògùn apakoríko, tàbí oògùn aláwọ̀ aró tó ní bàbà nínú, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń fín. Ewédò á kú, ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n májèlé tó wà nínú rẹ̀ á tú dà sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Òkú rẹ̀ á sì rì sísàlẹ̀, á máa jẹrà, jíjẹrà sì ń gba ọ́síjìn ju mímí lọ. Oúnjẹ tó jẹ kó tó kú ò kúrò nínú omi. Ó ń dúró de ewédò tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Oúnjẹ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa. Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni, ohun kan náà tí wọ́n kọ sára àpò ajílẹ̀, tó wà nínú ìgbẹ́, nínú ìtọ̀, àti nínú àwọn ọṣẹ oníyẹ̀fun kan. Ajílẹ̀ ò mọ̀ pé òun ti kúrò lóko. Bó bá ti bá omi pàdé, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀.

Àríyànjiyàn lórí èyí pọ̀ láyé ọjọ́un. Nígbà tí adágún Erie bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ní àwọn ọdún 1960, tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó ti kú, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ní kì í ṣe fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú ọjà àwọn ló fà á, kábọ́ọ̀nù ni. Adágún kékeré kan ní Ontario ní Kánádà, tó jẹ́ pé nọ́ńbà ni orúkọ rẹ̀, 226, ló parí ẹjọ́ náà. Ní 1973, David Schindler, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa omi adágún, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ta ìkélé oníke sí àárín adágún yìí, wọ́n pín in sí méjì. Wọ́n da kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn sí ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí. Ìhà yẹn ló di ewé. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè ṣì wà: ìhà kan dúdú gẹ́gẹ́ bí omi adágún ṣe ń rí, ìkejì bí ọbẹ̀ ewédú. Létí òkun, náítírójìn ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá. Òun ni àwọn àgbẹ̀ àgbàdo Amẹ́ríkà ń fi odò Mississippi ránṣẹ́ sí òkun tó wà ní gúúsù wọn, títí ibi tí ẹja ò ti lè mí níbẹ̀ fi ju 22,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ ní 2017.

Láti 1972, Amẹ́ríkà àti Kánádà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, wọ́n dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọṣẹ kù, wọ́n ń fọ omi ìdọ̀tí kó tó wọ adágún. Erie mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ sùn. Àṣìṣe tó dùn mí jù nìyí, torí pé ní àwọn ọdún 1990 ewédò tún yọjú, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe láti ẹnu páìpù. Oko ló ti wá: ajílẹ̀ àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà tí àgbàrá ń wọ́ wọ odò Maumee, odò tó ń ṣàn wọ Erie. Gbogbo ènìyàn mọ bí a ṣe ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́ tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Ta ni kó tọ́ka sí àgbẹ̀, tí oko rẹ̀ tutù, tó sì lẹ́wà?

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má bínú sí mi. Àṣà wa ni pé bí òjò bá ti ṣú, ká yára fọ́n ajílẹ̀ kí òjò lè bá wa rì í mọ́lẹ̀. Òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ á rì í lóòótọ́. Òjò ńlá ńkọ́? Àgbàrá á kó o lọ sódò, owó yín ló bá a lọ. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo, ẹ dà á síbẹ̀, ẹ fi ilẹ̀ bò ó. Kí ẹ má sì ro oko dé bèbè odò, ẹ fi igbó díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa gba àgbàrá lọ́wọ́ odò.

Ní ti àwa ará Èkó, "omi ń ṣàn, á gbé e lọ" ni tiwa. Gbé e lọ síbo? Ọ̀sà ló ń gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó ìgbẹ́ sọ́kàwéè fi ń tú u sínú ọ̀sà ní Ìddó. Kì í ṣe ewédò nìkan ló ń yó níbẹ̀. Gbéborùn, ewé olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó gba ojú omi wa láti 1984, ibi àwo kan náà ló ti ń jẹun. Nígbà òjò ló máa ń gbilẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí iyọ̀ òkun wọ ọ̀sà, á kú. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń rí ní adágún Nokoué ní Benin. Ẹni tó bá fẹ́ kó o kúrò gbọ́dọ̀ wọ́ ọ dé orí ilẹ̀ tó jìnnà sómi. Àwọn tó ń kó o jọ sí bèbè, òjò ọ̀la ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́.

Ẹja tí a bá lórí omi, tó ti kú kí àwọ̀n tó kàn án, ẹ má gbé e wá sílé, ì báà jẹ́ èyí tó tóbi jù. Èyí tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín pa ninú omi tó tutù bí ewé, ẹ yọ ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dànù, torí ibẹ̀ ni májèlé máa ń pọ̀ sí jù.

Ọjọ́ kan á wà tí ẹ ó jí, tí ẹ ó rí i pé àwọ̀ ewé ti pòórá, omi ti mọ́ gaara. Àwọn ọmọ á ti fẹ́ gbé korobá sáré lọ. Ẹ dá wọn dúró. Ewédò tó kú lóru ti tú ohun tó wà nínú rẹ̀ dà sómi, kò sì ní àwọ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kó tó kúrò níbẹ̀. Kànga tó jìnnà sí ọ̀sà, tàbí omi òjò tí ẹ gbè, lẹ máa mu títí di ìgbà náà.